Owó Àná, Ọjà Òní



Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu àwọn àgbà: «Nígbà tiwa, 25 fránkì ni a fi ń jẹun yó, owó á tún ṣẹ́ kù.» Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àgbà ń bù mọ́ ọn. Àgbà kò bù mọ́ ọn. Ẹyọ owó 1 fránkì ńkọ́? Ta ló ṣì ń fi ra nǹkan lọ́jà? Bí ọmọdé bá rí i nílẹ̀, kò ní bẹ̀rẹ̀ mú un. Òfin kò fagi lé owó náà. Agbára rẹ̀ ló tán.

Ohun tí a fẹ́ sọ fún yín nìyẹn. Iye tí wọ́n kọ sára owó kì í yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí owó náà lè rà ń yí padà láti ọdún dé ọdún. Bí gbogbo ọjà bá ń gòkè, tí owó ń fúyẹ́, a ó máa pè é ní ọ̀wọ́n ọjà nínú ìwé yìí. Ó kan ẹni tó fi owó sínú àpótí. Ó kan ẹni tó yá ènìyàn lówó, ẹni tó fi oko dógò, àti ẹni tó ń tọ́jú owó ilé díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí nǹkan bá wọ́n ni a ń pè ní ọ̀wọ́n ọjà o. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé àgbàdo máa ń pọ̀ lẹ́yìn ìkórè, ní oṣù kẹjọ, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Tó bá di oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tí àká ti gbẹ, owó rẹ̀ á gòkè. Ti ìgbà nìyẹn. Bí ìkórè bá dé, yóò tún wálẹ̀. Nínú ọ̀wọ́n ọjà, àgbàdo, ọṣẹ, aṣọ, páánù, oògùn àti owó mọ́tò ń gòkè pọ̀, wọn kì í sì í sábà padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ fi oṣù kẹjọ ọdún yìí wé oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Ẹ má fi oṣù kẹjọ wé oṣù kẹrin, yóò tàn yín jẹ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí owó ẹyọ

Kí owó bébà tó dé, owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, títí dé Ìbàdàn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2 000. Ẹgbàá 10 ló kún ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20 000. Ọ̀kẹ́ tí a fi ń ka nǹkan títí di òní, àpò owó ẹyọ ni.

Ẹyọ yìí kò ti inú odò wa wá. Àwọn erékùṣù Maldives, tó jìnnà réré nínú Òkun Íńdíà, ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń kó o wá. Nítorí pé ọ̀nà jìn, kò pọ̀ jù, ó sì níyì. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar, ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Ó tóbi ju ti Maldives lọ, ó sì pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn. Wọ́n ń rà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó o wá sí Ouidah àti sí Èkó, wọ́n sì ń fi ra epo pupa lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Owó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣu kò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀, epo kò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀. Owó púpọ̀ ń lépa ọjà díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi okùn díẹ̀ rà tẹ́lẹ̀ di ẹgbàá. Owó náà wá wúwo lórí ju bí ó ṣe wúwo lọ́jà lọ: bí aláàárù bá ru ẹyọ lọ sí ọjà jíjìn, owó iṣẹ́ rẹ̀ lè jẹ apá ńlá nínú ẹrù tó rù. Ẹni tó ti ri ọ̀kẹ́ owó mọ́lẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, bí ọmọ náà bá wú u lẹ́yìn ogójì ọdún, yóò bá a pé, ẹyọ kan kò ní dín. Ohun tí yóò fi rà ni kò ní pé mọ́.

Oṣù kìíní ọdún 1994

Àwọn tó ti dàgbà nígbà náà kò gbàgbé. Fránkì sẹ́fà ti wà láti ìparí ọdún 1945, a sì so ó mọ́ owó ilẹ̀ Faransé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 50 fránkì wa ló ń ṣe 1 fránkì Faransé. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà pàdé ní Dakar. Wọ́n kéde pé láti ọjọ́ kejì, 100 fránkì wa ni yóò máa ṣe 1 fránkì Faransé. Èyí ni gbogbo ènìyàn, àti ẹni tó gbọ́ Faransé àti ẹni tí kò gbọ́, mọ̀ sí dévaluation.

Ẹni tó fi 100 000 fránkì sábẹ́ ìrọ̀rí sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, 100 000 ló bá níbẹ̀ nígbà tó jí. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó ń ra oògùn láti ilẹ̀ Faransé ní láti kó sẹ́fà ìlọ́po méjì sílẹ̀ kó tó rí irú oògùn kan náà rà. Ohun tí a ń gbìn nílé kò gòkè tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ka gbogbo ọjà pọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò lọ́dún yẹn, kò di ìlọ́po méjì, síbẹ̀ ó gòkè ju 30 lọ nínú 100. Ẹ ronú sí i. Ẹrù tí 100 000 rà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ń béèrè ju 130 000 lọ nígbà tó yá. Olè kò wọlé, iná kò jó, ṣùgbọ́n agbára owó inú àpótí náà ti dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Kò dùn gbogbo ènìyàn bákan náà. Òwú ń lọ sí òkè òkun, owó tó ń ti ibẹ̀ wá sì di púpọ̀ ní sẹ́fà, nítorí náà wọ́n fi owó kún ti àgbẹ̀ òwú. Ẹni tó jẹ gbèsè jèrè pẹ̀lú, nítorí pé iye kan náà ló san, pẹ̀lú owó tó ti fúyẹ́. Ó le fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, owó oṣù wọn kò gòkè tó ọjà. Ó sì le jù fún àwọn arúgbó tí wọn kò ní nǹkan mìíràn ju owó inú àpótí lọ.

Láti ọdún 1999 ni a ti so sẹ́fà mọ́ euro, ní 655,957 fránkì fún euro kan. Látìgbà náà, ọjà wa ń gòkè, ṣùgbọ́n kì í sáré bíi ti àwọn aládùúgbò wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí ààlà mọ ti náírà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1980, ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀, náírà kan ju 300 fránkì sẹ́fà lọ. Ní ọdún 2024, náírà kan kò tó ìdajì fránkì kan. Kọ́bọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìyá ọlọ́jà etí ààlà tó gbọ́n, tó bá gba náírà láàárọ̀, á ti pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kó ti fi ra ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ náà ń kan àwa tí a kò ní náírà lọ́wọ́ pàápàá. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo kpayo tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́dọ̀ wa fò sókè, owó zémíjàn sì bá a gòkè.

Ìṣirò díẹ̀

Ẹ mú bíìkì àti ìwé yín. BCEAO, báǹkì àgbà tó ń tẹ fránkì wa, fẹ́ kí ọ̀wọ́n ọjà máa wà láàárín 1 sí 3 nínú 100 lọ́dún. Bí a bá gbọ́ 3, ó dà bí nǹkan kékeré. Ẹ jẹ́ kí á wò ó.

Ká ní ọjà ń gòkè ní 3 nínú 100 lọ́dọọdún. Ẹrù tó jẹ́ 100 000 fránkì lónìí yóò di 103 000 ní ọdún tó ń bọ̀. Ní ọdún kejì, yóò di 106 090. Níbo ni 90 yẹn ti wá? Ó wá nítorí pé a tún ka 3 lórí 3 000 tó ti gorí tẹ́lẹ̀. 90 fránkì kò tó nǹkan, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bímọ lọ. Lẹ́yìn ọdún 10, ẹrù kan náà di nǹkan bí 134 000. Lẹ́yìn ọdún 20, ó di nǹkan bí 181 000. Lẹ́yìn ọdún 30, ó di nǹkan bí 243 000. Ẹni tó fi 100 000 pamọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́wọ́, tó sì gbé e jáde nígbà tí ọmọ náà ní ọmọ tirẹ̀, kò ní lè fi ra ìdajì ohun tí ìbá ti rà.

Ọ̀nà kan wà tó rọrùn. Ẹ mú 72, ẹ fi iye tí ọjà fi ń gòkè lọ́dún pín in. Ohun tí ẹ bá rí ni iye ọdún tí owó yóò fi pàdánù ìdajì agbára rẹ̀, tàbí kó súnmọ́ ọn. 72 tí a fi 3 pín jẹ́ 24: ọdún 24. 72 tí a fi 6 pín jẹ́ 12. 72 tí a fi 12 pín jẹ́ 6. Ní Nàìjíríà, ọ̀wọ́n ọjà kọjá 30 nínú 100 ní ọdún 2024. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ láìdúró, kò ní pé ọdún mẹ́ta kí owó tó di ìdajì.

Kí á má baà rò pé ìgbà àwọn àgbà dára jù tiwa lọ, ẹ tún wo apá kejì. 25 fránkì ń ra oúnjẹ nígbà náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mélòó ni alágbàṣe ń gbà lóòjọ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: ọjọ́ iṣẹ́ mélòó ni ènìyàn fi ń ra páánù kan nígbà náà, ọjọ́ mélòó sì ni lónìí? Ní Bẹ̀nẹ̀, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà jẹ́ 40 000 fránkì ní ọdún 2014, ó sì di 52 000 ní ọdún 2023. 12 000 ló gorí rẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án. Bí ọjà bá gòkè ní 3 nínú 100 lọ́dọọdún láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ohun tó jẹ́ 40 000 yóò ti di nǹkan bí 52 000, òṣìṣẹ́ náà ì bá sì wà lójú kan, bó tilẹ̀ ń ka owó tó pọ̀ sí i. Ọjà kò gòkè tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún wọ̀nyẹn, nítorí náà ó jèrè díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ ló ń fi gbogbo owó rẹ̀ rà lè má gbà pẹ̀lú wa, ó sì lè jàre. Àwọn tó ń ṣírò ọ̀wọ́n ọjà ń ka fóònù, aṣọ, owó ilé àti oúnjẹ pọ̀. Tálákà kì í ra fóònù lójoojúmọ́, àgbàdo ló ń rà lójoojúmọ́.

Oko tí a fi dógò

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń tú ẹbí ká.

Ká ní ní ọdún 1975, ọmọ bàbá kan ń ṣàìsàn. Bàbá náà fi oko ọ̀pẹ rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, ó gba 20 000 fránkì. Àdéhùn wọn ni pé: «Ọjọ́ tí o bá mú owó mi wá, o gba oko rẹ.» Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n pè. Bàbá kú, aládùúgbò kú, àwọn ẹlẹ́rìí náà kú. Lónìí, ọmọ bàbá yẹn mú ìwé 10 000 méjì dání, ó lọ bá ọmọ aládùúgbò: «Ẹ̀gbọ́n, owó yín rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ọ̀pẹ bàbá wa.» Ẹ̀gbọ́n rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ká ní 20 000 ra màlúù kan ní ọdún náà. Lónìí, bóyá ni yóò ra ewúrẹ́ kan tó dára. Ó ní: «Màlúù ni bàbá mi kó fún bàbá yín, ewúrẹ́ ni ẹ fẹ́ fi san án?» Àbúrò ní: «20 000 ni bàbá mi gbà, 20 000 ni mo mú wá.» Ọ̀rọ̀ di ti ààfin, ó di ti kóòtù, àwọn ìyàwó ilé méjèèjì kò kí ara wọn mọ́ ní ojú odò.

Àwọn méjèèjì kò parọ́. Ọ̀kan ń ka iye tó wà lára owó, èkejì ń ka ohun tí owó lè rà.

Àmọ́ ẹ má yára dá Ẹ̀gbọ́n láre. Láti ọdún 1975 ni ilé wọn ti ń kọ ẹyìn oko náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún epo, tí wọ́n ń ta èkùrọ́. Èso ọ̀pẹ ni èlé owó tí bàbá wọn yá ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí á ka 20 000 náà ní màlúù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí á ka epo yẹn náà ní agbè kọ̀ọ̀kan. Àwa kì í ṣe adájọ́, ṣùgbọ́n ní ojú tiwa, àgbà tó bá fẹ́ parí irú ìjà yìí tó sì wo apá kan ṣoṣo yóò dá kún un ni. Kí wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n: bí owó ṣe fúyẹ́ tó, àti ohun tí oko ti mú wá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá ibi tí àárín wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó yíyá. Bí ẹ bá yá ọ̀rẹ́ yín ní 50 000 láìsí èlé, tó sì san án lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ kò pàdánù nǹkan kan tó ṣe é sọ. Bí ó bá san án lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹ ti fún un ní ẹ̀bùn, bí ẹ fẹ́ bí ẹ kọ̀.

Níbo ni kí owó wà?

Owó tí ẹ máa ná láìpẹ́, ẹ jẹ́ kó wà ní owó. Èsúsú, tí àwọn kan ń pè ní tọ́ntín, dára fún èyí, nítorí pé kì í pẹ́ kó tó yí ká. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jẹ́ 24, tí kálukú ń dá 10 000 lóṣù, ọdún méjì ni. Bí ọjà bá ń gòkè ní 3 nínú 100 lọ́dún, 240 000 tí ẹni ìkẹyìn kó lè ra nǹkan bí ohun tí 226 000 ń rà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kó kẹ́yìn ní ìgbà yìí ni kó kó ṣáájú nígbà tó ń bọ̀.

Owó tó jẹ́ ti ọjọ́ jíjìn, bí ilé kíkọ́ tàbí ọjọ́ ogbó, ẹ sọ apá kan rẹ̀ di nǹkan. Páánù méjì lọ́dún yìí, méjì lọ́dún tó ń bọ̀. Ewúrẹ́. Igi tíìkì ní ẹ̀gbẹ́ oko. Páánù tí ẹ ti rà, ọ̀wọ́n ọjà kò lè sọ ọ́ di ìdajì páánù. Apá kan ni a wí o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Àrùn lè pa ewúrẹ́, kòkòrò ń jẹ àgbàdo, iná igbó ń jó tíìkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ara ọmọ bá sì gbóná lóru, ẹnikẹ́ni kò lè já ewé tíìkì lọ sí ilé oògùn.

Bí CLCAM tàbí ilé ìfowópamọ́ mìíràn bá wà nítòsí yín, ẹ lọ béèrè ìbéèrè méjì kí ẹ tó fi owó síbẹ̀. Èlé mélòó nínú 100 ni wọ́n ń san lọ́dún? Mélòó ni wọ́n ń yọ fún iṣẹ́ wọn? Bí èlé bá jẹ́ 3, tí ọjà sì ń gòkè ní 3, owó yín kò dàgbà, kò sì fúyẹ́. Ìyẹn pàápàá sàn ju àpótí lọ. Àpótí ní eku, ó ní olè, ó sì ní ewu kan tí ọ̀pọ̀ kò rántí. Nígbà tí BCEAO gbé àwọn owó bébà tuntun jáde ní ọdún 2003 àti 2004, wọ́n fún gbogbo ènìyàn títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2004 láti pààrọ̀ ti àtijọ́. Owó àtijọ́ tó bá ṣì wà nínú ìkòkò lẹ́yìn ọjọ́ yẹn di bébà lásán.

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ̀wé kọ, ẹ má fi oko dógò, ẹ má sì gba oko dógò, láìkọ ọ́ sílẹ̀. Àpẹẹrẹ kan nìyí. Ẹ lè yí i padà bí ẹ̀yin méjèèjì bá ṣe fẹnu kò:

«Lónìí, ọjọ́ … oṣù … ọdún …, èmi … gba … fránkì lọ́wọ́ …. Mo fi oko ọ̀pẹ mi tó wà ní … dógò. Èso oko jẹ́ ti … títí di ọjọ́ tí mo bá san owó náà. Lọ́jà wa lónìí, owó yìí ra àpò àgbàdo oníkílò 100 tó jẹ́ …. Bí mo bá san kí ọdún 3 tó pé, iye fránkì tí mo gbà ni màá dá padà. Bí ó bá ti kọjá ọdún 3, iye àpò àgbàdo yìí ni a ó fi ṣírò ohun tí màá san, ní iye tí àgbàdo ń lọ lọ́jà ní irú oṣù yìí kan náà.»

Ẹ kọ ọ́ ní ìwé méjì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan. Ẹlẹ́rìí méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́. Kí ẹni tó kọ ọ́ kà á sókè lẹ́ẹ̀méjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ ìka.